Omi kì í jáde tán nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, díráyà sì ń gba wákàtí méjì: ṣé bọ́ọ̀dù ni lóòótọ́?

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ kọ:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé wa jẹ́ èyí tí wọ́n ń ti iwájú kó aṣọ sí, kílò 7, ọdún kẹta rẹ̀ rèé. Ó ń fọ̀, ó ń ṣan, ṣùgbọ́n tó bá kan kó fún aṣọ, á dúró, á kọ OE sójú, omi á sì kù nínú rẹ̀ dé ìdajì gíláàsì ilẹ̀kùn. Èkejì, ó ń rùn. Aṣọ ìnura tó ti inú rẹ̀ jáde máa ń rùn bí omi àná kó tó gbẹ. Ẹ̀kẹta ni díráyà tókùnbọ̀, kílò 8, irú èyí tó ń kó omi sínú àpótí, tí kò ní ihò síta. Wákàtí méjì gbáko, jíńsì ò ní gbẹ. Sítọ́ọ̀ tí kò ní fèrèsé la gbé e sí.

Omi bọ́ọ̀hóòlù la ń lò, láti táǹkì òkè. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọṣọ lọ́wọ́ náà la ń dà sí i, ife kan. Ẹnjiníà tó wá ní bọ́ọ̀dù, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ló bàjẹ́. Kí n rà á ni?

Sípánà Mọ́kọ́lá kọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tí OE ń sọ kò ju pé: mo ní kí omi jáde, mo dúró títí, omi ò lọ sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kò tíì kú. Ẹ̀rọ mìíràn á kọ 5E, òmíràn E20, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kí asẹ́ pọ́ǹpù dí kí wọ́n wá máa pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ẹni tó fi ètè sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá nìyẹn.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri. Kì í ṣe pé kí ẹ kàn pa á lójú o, ẹ yọ ọ́. Ẹ ti ẹ̀rọ omi. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná ló fi ń fọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ẹ wo ìsàlẹ̀ iwájú, ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń wà: ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀, owó irin tàbí sikurudiráfà pẹlẹbẹ á ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ máa rí ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan tó ní ìdérí lẹ́nu, àti kókó ńlá kan tó dà bí ìdérí ìgò. Kókó ńlá yẹn ni asẹ́. Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ yí i, omi tó kù nínú dírọ́ọ̀mù, tó lè ju lítà 10 lọ, á wá tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bà tín-ín-rín yẹn ni kí ẹ fà jáde, kí ẹ yọ ìdérí ẹnu rẹ̀ sórí abọ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ dé e pa nígbàkígbà tí abọ́ bá kún, kí ẹ dà á nù, títí omi á fi tán. Ìgbà yẹn lẹ tó máa yí asẹ́ sọ́wọ́ òsì, díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ò ní ṣàjèjì: píìnì ìdìrun, wáyà kọ́mú, bọ́tìnnì, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́, bébà tó ti di ẹrẹ̀, iyanrìn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ asẹ́ náà. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹ fi ìdí ṣíbí tì í yí. Á máa yí ní kọ́n-ọ́n-kọ́n-ọ́n, bíi pé nǹkan ń dì í mú. Mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Èyí tó bá ń yí gbẹrẹgẹdẹ láìsí ìdènà kankan, tàbí tí kò yí rárá, ni kí ẹ fura sí.

Lẹ́yìn náà, họ́ọ̀sì tó ń da omi nù. Ibi tó ga jù nínú ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100 láti ilẹ̀. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, agbára pọ́ǹpù ò ní ká a. Tó bá wà nílẹ̀, omi á máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń gbà á, kò ní kún láé. Bí ẹ bá ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ inú páìpù ògiri, kó má wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, kí àyè afẹ́fẹ́ sì wà létí rẹ̀. Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò bóyá ògiri ti tẹ họ́ọ̀sì náà pa.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìfún nìkan láìsí aṣọ, ẹ gbọ́ ohùn pọ́ǹpù. Tó bá ń kùn ṣùgbọ́n tí omi ò jáde, ọ̀nà ṣì dí níbì kan. Tó bá dákẹ́ fáú, ẹ pe ẹni tó ní mítà kó wọn wáyà rẹ̀: pọ́ǹpù oní 220 fóòtì tó wọ́pọ̀ máa ń ka nǹkan bí 100 sí 200 ohm. Bí kò bá ka ohunkóhun, wáyà inú rẹ̀ ti jó. Ẹ̀rí pé pọ́ǹpù lẹ máa rà nìyẹn, kì í ṣe bọ́ọ̀dù.

Alágbàfọ̀ Ṣùúrùlérè kọ:

Ohun gbogbo tí ọ̀gá Sípánà sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ọṣẹ ife kan yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé.

Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọṣọ lọ́wọ́, wọ́n ṣe é kó hó gan-an ni. Ẹ̀rọ tó ń ti iwájú fọ̀ ò fẹ́ ìhó. Ńṣe ló ń gbé aṣọ sókè tó ń jù ú sílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń lu aṣọ mọ́ òkúta létí odò. Bí ìhó bá pọ̀, á di tìmùtìmù lábẹ́ aṣọ, ìjùsílẹ̀ yẹn ò ní dun ìdọ̀tí mọ́. Pọ́ǹpù náà ńkọ́? Omi ló mọ̀ ọ́n tì. Tó bá kan ìhó, á kàn máa pò ó bí ẹni ń po ẹyin. Torí náà OE lè jáde kódà nígbà tí asẹ́ mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọṣẹ tí kò ṣàn kúrò ló ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn dírọ́ọ̀mù, tó ń di oúnjẹ fún òórùn tí ẹ ń sọ.

Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ "automatic" tàbí "low suds" sí lára. Fún kílò 7 tí ìdọ̀tí rẹ̀ ò le, níbi tí omi rọ̀, ṣíbí ìjẹun 2 tó. Aṣọ bọ́ọ̀lù àti aṣọ oko, 3. Ẹni tó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù á nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi ibẹ̀ le, ẹfun ló kún inú rẹ̀.

Láti fọ èyí tó ti wà nínú rẹ̀ jáde: ẹ̀rọ òfìfo, láìsí ọṣẹ rárá, lórí ìwọ̀n ooru 60. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ wo gíláàsì. Bí ẹ bá rí ìhó nígbà tí ẹ ò da ọṣẹ kankan sí i, ọṣẹ ọjọ́sí nìyẹn. Ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ má sì rọ aṣọ kún un dé ẹnu. Àtẹ́lẹwọ́ yẹ kó lè wọlé ní òró láàárín aṣọ àti òkè dírọ́ọ̀mù.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti yọ asẹ́: wáyà kọ́mú kan, píìnì mẹ́rin, iyanrìn tó kún ṣíbí kan. Omi ti ń jáde báyìí. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká ti dúdú kátikàti nísàlẹ̀, òórùn náà ò lọ. Ṣé kí n da bílíìṣì sí i? Ẹnì kan tún ní kí n po ó mọ́ fínígà kó lè lágbára.

Kẹ́mísìrì Mọ́dákẹ́kẹ́ kọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po méjèèjì láé. Bílíìṣì àti fínígà, tàbí bílíìṣì àti citric acid (lẹ́búlẹ́bú tó kan bí ọsàn), tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá, gáàsì kúlórínì ló ń jáde nínú wọn, inú ilé ìwẹ̀ tó há ni ẹ sì máa wà. Bí ẹ bá lo ọ̀kan lónìí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi omi lásán ṣiṣẹ́ parí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó mú èkejì.

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn: ẹ fi ìka méjì ṣí ìṣẹ́po rẹ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ lomi ń dúró sí. Ẹ nù ún, ẹ yọ irun àti òwú inú rẹ̀. Àwọn ihò kéékèèké kan wà nínú ìṣẹ́po náà tí omi ń gbà padà sínú. Bí wọ́n bá dí, omi á máa sùn síbẹ̀, ẹ la wọ́n. Ẹ da bílíìṣì ìlò ilé ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 10, ẹ ki àkísà bọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí ibi dúdú náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ fi omi mímọ́ nù ún. Èyí tó ti wọnú rọ́bà lọ ò ní funfun mọ́, àmì lásán ló kù, kì í rùn.

Omi bọ́ọ̀hóòlù yín ńkọ́? Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun bá ń di pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn ọjọ́ méjì, irin wà nínú omi náà. Bílíìṣì ló máa ń so irin yẹn mọ́ aṣọ: aṣọ funfun á wọlé ní funfun, á jáde pẹ̀lú àmì bí ìpẹtà. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, citric acid ni kí ẹ fi fọ inú dírọ́ọ̀mù, gíráàmù 100, sínú dírọ́ọ̀mù òfìfo tààrà, 60, títí yóò fi parí. Ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta ni wọ́n ti ń tà á ní kílò nílùú Èkó, ó rọjú ju páálí kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ ìfọṣọ sí lọ, ohun kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun tó ń fa òórùn gan-an ni pé omi tútù nìkan lẹ ń lò, ọṣẹ pọ̀, ilẹ̀kùn sì ń wà ní títì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀rọ òfìfo, 90 tàbí bọ́tìnnì ìfọ̀dírọ́ọ̀mù tó bá ní in. Lẹ́yìn gbogbo ìfọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ẹ fa àpótí ọṣẹ náà síta. Ẹ ṣọ́ra tí ọmọdé bá wà nílé, wọ́n máa ń wọnú rẹ̀.

Àpótí ọṣẹ yẹn, ó máa ń yọ tán pátápátá. Àmì kan wà láàárín rẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹ wo òrùlé ihò tó ti jáde. Bí ẹ bá bá nǹkan dúdú yíyọ̀ níbẹ̀, ìdajì òórùn yín nìyẹn.

Oníná Ṣágámù kọ:

90 tí ẹ ń sọ yìí, ẹ má fi jẹnẹ́rétọ̀ kékeré dán an wò o. Irin tó ń gbé omi gbóná nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ń jẹ nǹkan bí 2,000 wáàtì. Jẹnẹ́rétọ̀ 950 tí gbogbo ilé ń lò, 650 wáàtì ni agbára rẹ̀. Omi tútù nìkan ni kí ẹ fi jẹnẹ́rétọ̀ fọ̀, èyí tó tó 2.5 kVA. Díráyà tó ń kó omi sínú àpótí ń jẹ 2,200 sí 2,700 wáàtì. Bí kò bá tó 5 kVA, ẹ jẹ́ kí oòrùn ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Bí iná NEPA bá dé nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí jẹnẹ́rétọ̀, ẹ dá ẹ̀rọ náà dúró kí ẹ tó yí ṣíìṣì. Ìgbà ìyípadà yẹn ni bọ́ọ̀dù ń jó lóòótọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi Ìyá Ìbejì: fóòtì mélòó ló ń wọlé ní Akóbọ̀? Díráyà tí wọ́n ṣe fún 230, tó bá ń gba 160, ooru tó máa mú jáde ò tó ìdajì. Ẹ ṣírò ẹ̀: 160 lórí 230, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, 0.48 ni. Dírọ́ọ̀mù ń yí, iná ń tàn, àkókò ń kà, gbogbo ẹ̀ dà bíi pé ó pé, ooru ni ò sí. Ẹ fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí díráyà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nígbà tó wà ní pípa. Ẹ má sì lo wáyà àfikún fún un. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tààrà. Bí orí púlọ́ọ̀gì bá gbóná débi tí ẹ ò lè dì í mú, ẹ yọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ti dẹ̀.

Pẹ́kámù SE15 kọ:

Ẹ kú alẹ́ láti ìhín. Irú díráyà yẹn ló kún ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìyá Ìbejì, díráyà yín ò lè gbẹ ohun tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ò fún. Aṣọ òwú kílò 5 tí wọ́n fún ní ìyípo 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, omi tó kù lára rẹ̀ á tó nǹkan bíi lítà 2.5 sí 3. Ní ìyípo 400, á tó lítà 5, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti dúró lórí OE tí ẹ kàn ń fọwọ́ fún un, iṣẹ́ ìlọ́po méjì lẹ gbé lé díráyà lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tí yóò yí padà báyìí tí omi ti ń jáde.

Ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn díráyà. Asẹ́ òwú wà lẹ́nu ibẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ni kí ẹ fi ìka ká òwú wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo omi ìsọṣọ-dẹ̀ tàbí bébà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń jù sínú díráyà, epo wọn máa ń dí ojú asẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ da omi sórí asẹ́ náà: bí omi bá dúró lórí rẹ̀ tí kò là á kọjá, ẹ fi ọṣẹ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà: ìsàlẹ̀ iwájú, lẹ́yìn ìdérí pẹlẹbẹ, wọ́n ki àpótí irin gígùn kan bọ ibẹ̀, tó ní ihò lọ́tùn-ún lósì bí afárá oyin. Ibẹ̀ ni ooru olómi tó ti ara aṣọ jáde ti ń di omi. Ẹ yí àwọn ìkọ́ tó dì í mú, ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ gbé e sábẹ́ omi, ẹ jẹ́ kí omi gba ojú kan wọlé kó gba òdì kejì jáde, lẹ́yìn náà ẹ yí i padà. Òwú á máa jáde bí èérú tó rin. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí wáyà há a, àwọn ewé irin náà fẹ́lẹ́. Ẹ gbé e nàró kó ro, ẹ fi àkísà nu inú ihò rẹ̀, ẹ dá a padà, kí ìkọ́ rẹ̀ sì kọ́ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ olómi á jò sínú sítọ́ọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tó ń lo gáàsì bíi fíríìjì, àpótí yẹn kì í yọ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn ewé irin rẹ̀ látòkè wá sísàlẹ̀.

Sítọ́ọ̀ tí kò ní fèrèsé náà wà lára ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yàrá ni díráyà náà fi ń mú ooru inú rẹ̀ tutù kó lè di omi. Bí yàrá bá ti gbóná kọjá 35, kí ló fẹ́ fi tutù? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, ẹ fi fáànù kọjú sí ibẹ̀.

Bó bá wá ń dúró kí aṣọ tó gbẹ dípò kó pẹ́, ẹ wo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó wà nínú ẹnu dírọ́ọ̀mù. Àwọn ló ń mọ̀ bóyá aṣọ ṣì tutù. Epo bébà olóòórùn yẹn máa ń bò wọ́n. Fínígà lórí àkísà, ẹ nù ún, ó tán.

Nítorí pé tókùnbọ̀ ni, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Lọ́dún 2015, Whirlpool kéde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òwú wẹ́wẹ́ lè kan irin ìgbóná nínú àwọn díráyà kan tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2015, kó sì gbiná. Orúkọ tó wà lára wọn ni Hotpoint, Indesit, Creda, Swan àti Proline. Nígbà tó di 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó èyí tí wọn ò tíì tún ṣe padà. Ẹ ka nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ẹnu ilẹ̀kùn díráyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ kọ:

Áà! Mi ò mọ̀ rárá pé àpótí kankan wà nísàlẹ̀ yẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ ò sí lára wọn, mo dúpẹ́. Aṣọ ìdáná tó ti mu òróró, ṣé a lè kó o sí díráyà?

Kẹ́mísìrì Mọ́dákẹ́kẹ́ kọ:

Bó bá ṣì ń rùn òróró lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, rárá. Òróró ẹ̀pà, òróró sóyà, epo pupa, òróró ìfọwọ́ra, bí wọ́n bá gbóná nínú aṣọ, wọ́n máa ń bá afẹ́fẹ́ jà, ìjà yẹn sì ń mú ooru tirẹ̀ wá. Ẹ kó o jáde ní gbígbóná, ẹ ká a jọ sínú agbọ̀n, ooru àárín rẹ̀ ò ríbi jáde, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Omi gbígbóná àti ọṣẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sá a sí oòrùn. Torí èyí náà ni kò fi yẹ kí ẹ dá díráyà dúró kó tó parí: ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn tó ń yí láìsí ooru, ìmútutù ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston kọ:

Fún àwa tí díráyà wa ní ihò síta ní Amẹ́ríkà: ìnṣì 4 ni páìpù rẹ̀, irin líle ni kó jẹ́, kì í ṣe ike tàbí èyí tó rí bí fọ́ìlì, àwọn yẹn ń ká, òwú ń sùn sínú ìká wọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ fa díráyà síwájú, ẹ tú páìpù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn gbá inú rẹ̀ dé ìta. Ẹ lọ síta nígbà tó ń ṣiṣẹ́: ìdérí ògiri yẹn gbọ́dọ̀ ṣí gbalaja. Bí dírọ́ọ̀mù bá ń yí tí kò sì gbóná rárá, ẹ kọ́kọ́ wo bíréékà. 240 fóòtì wa yìí, wáyà méjì ló gbé e wá. Bí ọ̀kan bá já, mọ́tọ̀ á ṣì máa yí lórí èkejì, ooru nìkan ló máa lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo fíúsì ooru tó wà lára ibi tí fáànù wà. Bó bá ti jó, òwú tó dí ọ̀nà ló jó o. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìgbá páìpù, á tún jó.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ kọ:

Ọ̀gá Sípánà, nǹkan mìíràn ti yọjú: ó ń pẹ́ kó tó gba omi, nígbà mìíràn á kọ IE. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń fún un lómi, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà kó tó kún.

Sípánà Mọ́kọ́lá kọ:

Ẹ ṣé tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó gbà, tàbí kó má fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Nítorí pé ẹ̀rọ omi fúnra rẹ̀ ló lọ́ra, kì í ṣe asẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ nìkan, ọ̀ràn táǹkì ni. Mítà 10 gíga ló ń fúnni ní ìtì omi bar 1. Bí ìdí táǹkì bá fi mítà 3 ga ju ẹ̀rọ omi lọ, 0.3 lẹ ní. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá ń béèrè 0.5. Púlọ́ńbà tó lo páìpù ìdajì ìnṣì láti táǹkì dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ mẹ́jọ tún ti gbà nínú díẹ̀ yẹn. Ẹ gbé táǹkì ga sí i, tàbí kí ẹ fi pọ́ǹpù ìtì kékeré sí i.

Síbẹ̀, ẹ tú họ́ọ̀sì omi kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ. Asẹ́ ike kékeré kan wà nínú ẹnu fáàfù ibẹ̀, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ fi púláyà onímú tín-ín-rín fà á, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ iyanrìn rẹ̀. Ẹ má jù ú nù kí omi lè yára o. Iyanrìn tó bá kọjá síbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí fáàfù pa dé, omi á wá máa wọlé kódà tí ẹ̀rọ wà ní pípa. Bí iyanrìn bá pọ̀ nínú bọ́ọ̀hóòlù yín, ẹ fi asẹ́ olómi, irú èyí tó ṣe é tú fọ̀, sórí páìpù ṣáájú ẹ̀rọ.

Ọlọ́mọ Mẹ́fà Ọ̀ṣogbo kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, àwa tó ń lo oníkòtò méjì ńkọ́? Ibi ìfún ń kùn, kò yí.

Sípánà Mọ́kọ́lá kọ:

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fọwọ́ yí agbọ̀n ìfún náà. Bó bá le, bíréékì ló dì í: wáyà tó ti ìdérí wá ti já tàbí ó dẹ̀, kò tú bíréékì sílẹ̀ mọ́. Bó bá rọ̀ tó sì ń kùn, kapásítọ̀, ohun tó ń ran mọ́tọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra, ni, mi ò bá yín ta tẹ́tẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu gẹ́lẹ́. Bí àpótí kan bá gbé ti ìfọ̀ àti ti ìfún pọ̀, wáyà mẹ́ta ló ní, ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú u. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ iná tu iná inú rẹ̀ dànù kí ọwọ́ yín tó kàn án. Ẹ wo abẹ́ náà: bí omi bá ń kán sórí mọ́tọ̀ ìfún, rọ́bà ìdí agbọ̀n ti ya. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, òun ló ń pa mọ́tọ̀. Bí ibi ìfọ̀ ò bá dá omi dúró, òwú tàbí okùn ṣòkòtò ló há sábẹ́ rọ́bà fáàfù.

Alágbàfọ̀ Ṣùúrùlérè kọ:

Kí n tó lọ: àdìrẹ aláró ò gbọdọ̀ bá ohun funfun wọlé, aṣọ-òkè ò gbọdọ̀ wọlé rárá. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ ta sítáàṣì sí agbádá, ẹ jẹ́ kó ṣan ara rẹ̀ lófìfo lọ́jọ́ náà gan-an. Sítáàṣì tó sùn nínú rẹ̀, ẹ̀kọ ni, á kan.

Oníná Ṣágámù kọ:

Eku. Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ eku. Abẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣí sílẹ̀, ó gbóná, ó ṣókùnkùn, wáyà ibẹ̀ sì rọ̀. Káńfọ̀ ò dá wọn dúró. Nẹ́ẹ̀tì irin olójú wẹ́wẹ́ ni kí ẹ gé sí abẹ́ rẹ̀, ẹ fi sikúrù mọ́ ọn, kó má kan bẹ́líìtì.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ kọ:

Díráyà ti bọ́ sí ìṣẹ́jú 80 lẹ́yìn tí mo fọ àpótí yẹn tí mo sì ṣí ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀. Ó ku ẹyọ kan: tó bá ń fún aṣọ báyìí, ó ń ké bí bàálù tó fẹ́ gbéra, omi díẹ̀ sì ń jò níbi asẹ́ tí mo yọ.

Sípánà Mọ́kọ́lá kọ:

Èyí tó ń jò rọrùn. Ẹ tún yọ asẹ́ náà bí ti àkọ́kọ́, ẹ fi ìka yí rọ́bà ọrùn rẹ̀ ká; ẹ máa bá irun kan tàbí òwú kan lórí rẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ nu ibi tó ń jókòó sí náà, ẹ ti asẹ́ bọ ihò rẹ̀ ní títọ́, nítorí ó rọrùn kó wọ̀ ní wíwọ́. Ẹ dì í le pẹ̀lú ọwọ́, kì í ṣe púláyà.

Igbe bàálù ni kí ẹ mú ní pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí sikúrù ńlá gígùn mẹ́rin tí wọ́n fi de dírọ́ọ̀mù láti ilé-iṣẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tú wọn, ẹ pa wọ́n mọ́ de ọjọ́ tí ẹ máa kó ilé. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ di etí òkè dírọ́ọ̀mù irin mú, ẹ gbé e sókè-sódò. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ lè máa mì lórí sípíríńgì, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bí dírọ́ọ̀mù inú bá ń dá mì lọ́tọ̀ tó sì ń dún gbọn-gbọn, bíárìn tí dírọ́ọ̀mù ń yí lórí rẹ̀ ti lọ. Rọ́bà tó ń dènà omi níwájú rẹ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́, omi ọlọ́ṣẹ fọ gíríìsì kúrò, irin wá ń jẹ irin. Àmì rẹ̀ ni omi pupa tó ṣàn sílẹ̀ láti àárín ẹ̀yìn.

Bíárìn méjèèjì àti rọ́bà náà ni kí wọ́n pààrọ̀ pọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, bíi 6205 àti 6206. Kí ẹ tó gbà, ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é bóyá sikúrù ló so ìkòkò ike tó yí dírọ́ọ̀mù ká pọ̀ tàbí wọ́n jó o pọ̀ ni. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n jó pọ̀, ayùn ló máa fi là á, ìkòkò tuntun ló sì dára jù ú lọ. Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ yí ìfún rẹ̀ wálẹ̀ sí 600, kó má lọ já ìkòkò náà.